Nọ́ńbà Méje Lẹ́yìn Jẹ́sì Mọ́kànlá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ṣé ara yín le? Ṣé Màámi ń gbádùn? Èmi ń bẹ láàyè, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ibí kò sì tíì pa mí.

Ìkíni tán o, ó ku ìjà. Lẹ́tà kan dé bá mi lọ́jọ́ Ẹtì láti ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Ẹ̀rín ni mo fi ṣí i, mo rò pé ó tún fẹ́ tọrọ bàtà bọ́ọ̀lù ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àṣé ó ń sọ fún mi pé ẹgbẹ́ fẹ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láti fi wá owó ìtọ́jú fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní òun mọ̀ pé mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé, pé kí n mọ́kàn le, pé ẹni tó bá ṣì ń mí, ìrètí ń bẹ fún un.

Bàbá mi, kí ni mo gbọ́? Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ kẹ́yìn, ẹ ní àbúrò mi fi ẹsẹ̀ rọ́ níbi bọ́ọ̀lù, pé ẹ ti fi omi gbígbóná jó o, pé ó ti ń tiro káàkiri àdúgbò, tó ń fi ẹsẹ̀ náà gba ìkẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ẹsẹ̀ rírọ́ wo ni odindi ẹgbẹ́ ń tìtorí rẹ̀ wá owó?

Èmi ni mo pọn ọmọ yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà tó ń ti orí àga bọ́ sórí tábìlì, tó ń ti orí tábìlì bọ́ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ní báyìí, ará ìta ló wá ń sọ fún mi pé nǹkan ṣe é. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo rán apá òsì mọ́ èjìká ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá wa obìnrin bi mí bóyá ọtí ni mo mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ tàn jẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. O bínú sí mi, mo gbọ́, ìbínú náà sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n má tún fi "tí ẹ tàn jẹ" parí lẹ́tà sí mi mọ́. Bàbá rẹ ni mí, n kì í ṣe gbájúẹ̀.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Ẹsẹ̀ kọ́. Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wá sí ẹnu gọ́ọ̀lù, àbúrò rẹ fò sókè láti fi orí kàn án. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í wo ibi tí òun máa balẹ̀ sí. Ó fi ẹ̀yìn lu òpó gọ́ọ̀lù. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn èrò ń kọ orin rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n máa ń kọ tó bá ti sá kọjá ẹnìkan: ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Wọ́n kọ ọ́ parí kí wọ́n tó rí i pé kò dìde.

Ọ̀pá ẹ̀yìn ló kàn. Láti àyà dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà sọ pé ilé ìwòsàn ńlá kan wà tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní kò ní rìn mọ́, ṣùgbọ́n ó lè jókòó fúnra rẹ̀, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ohun tí à ń wá nìyẹn. Apá mi ò ká a, ni ẹgbẹ́ bá ní àwọn yóò gbá bọ́ọ̀lù kí gbogbo àdúgbò sanwó wò ó. Wọ́n dá a sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún.

O ní kí ló dé tí mi ò sọ fún ọ. Bí ẹkún bá gbé ọ níhìn-ín, ìyá rẹ á dì ọ́ mú. Lọ́hùn-ún, ta ni yóò dì ọ́ mú? Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà lájò. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni wọ́n tó sọ fún mi pé bàbá mi ti kú. Inú bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo parí iṣẹ́ tí mo bá lọ.

Ìyá rẹ dúró tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun. Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sókè kí òun fi etí ara òun gbọ́.

Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Àdúrà ni kí o máa gbà.

Èmi ni, bàbá yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Bàbá mi, Màámi, àti ìwọ Ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ka èyí sí létí,

Mo kí yín tẹkúntẹkún. Obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ torí ìkòkò mi tó máa ń jóná, ló gbá mi mọ́ra títí mo fi sùn. Nítorí náà, Bàbá mi, ẹni tó lè dì mí mú wà níbí, ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Láti òní lọ, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi, bó ti wù kó burú tó.

Ẹ ní kí n má fi nǹkan ránṣẹ́. Èmi ọmọ aránṣọ, kí n káwọ́ gbera? Akọ̀wé sọ pé jẹ́sì ẹgbẹ́ ti gbó débi pé, bí òjò bá pa á, ẹ lè rí egungun ìhà ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo ti rán mọ́kànlá, aláwọ̀ ewé, bí ẹgbẹ́ ṣe ń wọ̀ ọ́. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ la máa ń rán níbi tí mo wà. Ọ̀gá wa gbà mí láàyè kí n máa lo ẹ̀rọ tí a bá ti ṣíwọ́, ó tiẹ̀ bá mi gé ọrùn méjì.

Ohun tó wà lẹ́yìn wọn, mi ò fi ẹ̀rọ rán an. Ọwọ́ ni mo fi rán an, irú èyí tí ẹ kọ́ mi, tí abẹ́rẹ́ máa ń padà sẹ́yìn kó tó tẹ̀ síwájú. Mi ò ní sọ ohun tó jẹ́. Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n níbi iṣẹ́, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí ṣe é fún ẹnìkejì wọn tó fara pa. Gbogbo èrò dìde dúró, ọkùnrin náà jókòó sórí àga onítáyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ti Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an nìyí.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi ló bá mi gbé ẹrù náà. Ilé ni yóò gbé e wá tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún ẹgbẹ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó rí i. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ ti tú u.

Ọmọ yín tó ń jẹun. Ẹ kà á sókè fún Màámi.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ti padà dé. Ó ní ọwọ́ Màámi lòun fi ẹrù náà lé, pé Màámi fún òun lómi, ó sì gbàdúrà fún òun àti fún ọkọ tí òun kò tíì ní. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí "o ṣé", kò sí "aṣọ náà há".

Ṣé ó há ni? Mo rántí pé àyà Kóòṣì fẹ̀, mo sì rán ẹyọ kan ní fífẹ̀ nítorí rẹ̀, bóyá ó máa fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ayọ̀. Àbí Ọ̀kẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀? Ó lè bú mi, kó ṣá ti fi ẹnu ara rẹ̀ bú mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, onílé ti ń rò pé mo ń retí ọkọ ẹlòmíràn.

Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. O ní n kò dúpẹ́. Mo ti jókòó ti ìwé yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì dìde, torí ohun tó wà lẹ́nu mi kò ṣe é sọ sí ọmọ ẹni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ obì.

N kò sí nílé lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì náà dé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ ṣe bí o ṣe wí. Ó gbé ẹrù náà síwájú ibùsùn, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń pa á lẹ́rìn-ín pé, bí bàtà bá wà níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ yọ jẹ́sì kan, ó tẹ́ ẹ lé e láyà. Nọ́ńbà méje tí o fi aṣọ gé, nọ́ńbà tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó yọ ìkejì, méje. Ó yọ ìkẹta, méje. Ìyá rẹ dáwọ́ dúró, ó ní ó rẹ òun. Àbúrò rẹ ní, "Màámi, ẹ yọ ìyókù." Ó yọ ọ́ tán. Mọ́kànlá ni, méje sì ni gbogbo wọn.

Ó yíjú sí ògiri. Ìgbà tí mo wọlé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Bàbá mi, ìgbà wo ni dókítà sọ fún yín pé mò ń kú lọ?"

Ṣé ó ti yé ọ báyìí? Nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ wa kú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ògiri, Kóòṣì ní kí n rán nọ́ńbà márùn-ún rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo jẹ́sì. Wọ́n wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé pósí rẹ̀. Ìgbà tí kápútẹ́nì àtijọ́ kú, wọ́n tún ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí gbogbo ẹgbẹ́ bá gbé nọ́ńbà ẹnìkan wọ̀, òkú onítọ̀hún là ń sin. Kò sí ọmọdé kan ní àdúgbò yìí tí kò mọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ wọ ti àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, síbí kan, síbí méjì, ó ti yó. Ó ní òun kò lọ sí pápá kankan, pé bí a bá gbé òun lọ, òun á di ojú òun títí wọn á fi gbá a tán. Akọ̀wé ní, bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn èèyàn á máa sọ pé ó ti kú, pé èmi ni mo ń fi orúkọ rẹ̀ pawó. Dókítà sì ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò lè fi ọ̀bẹ kan ẹni tí kò jẹun. Bí ó bá kọ̀ báyìí, iṣẹ́ abẹ ti lọ nìyẹn.

Ta ló sọ fún ọ pé ó ń kú? Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí? Mo mọ ọwọ́ rẹ lára òwú yẹn. Kò sí ibì kan tó tú, kò sí ibì kan tó wọ́. Ó dára débi pé ṣe ni inú tún ń bí mi sí i.

Bàbá yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀.

Mi ò mọ̀. Ta ló sọ fún mi pé Ògiri kú? Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, ó wà láàyè, òun ló gbé àpótí mi lérí dé ibùdókọ̀ tí kò gba kọ́bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìgbà tí mo bá kọ lẹ́tà ni mo ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ bá mi kí Ògiri, ẹ̀yin náà á sì dá mi lóhùn pé ó gbọ́. Bàbá mi, òkú lẹ jẹ́ kí n máa kí. Ẹ ní kò sí ọmọdé tí kò mọ̀. Èmi ni ọmọdé náà. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi òwú sí i.

Ẹ jì mí tí ẹnu mi bá gùn. Ẹ ka èyí fún Ọ̀kẹ́rẹ́, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀:

Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Orí mi kò pé. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n wọ nọ́ńbà rẹ̀ fún, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé o ń kú. Àwọn òbí wa kò sọ nǹkan kan fún mi rí, ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Bí o bá fẹ́, jẹ́ kí wọ́n dáná sun àwọn aṣọ náà. Ṣùgbọ́n jẹun, jọ̀ọ́. Jẹun kí n lè wá gbá ọ létí nígbà tí mo bá dé.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi kí ọ. Ọ̀rọ̀ Ògiri wọ̀ mí lára. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀, mo sì ti sọ fún ìyá rẹ pé èmi ni.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún àbúrò rẹ. Ó bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ ni aǹtí mi kò mọ̀ pé Ògiri ti kú?" Mo ní lóòótọ́ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé ikọ́ mú un, ó ní ẹ̀yin àgbà wọ̀nyí, ẹ burú o. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá. Ìyá rẹ sáré dé ilé ìdáná, ó sì gbàgbé ohun tó wá mú, ńṣe ló dúró síbẹ̀ tó ń sunkún.

Ó ní òun á lọ, ṣùgbọ́n kí n tú nọ́ńbà náà kúrò lára wọn, kí n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún òun. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbá bọ́ọ̀lù ní ààyè òun.

Ìwọ ọmọ yìí, o fìyà jẹ mí. Bí mo bá fi bíléèdì sí i, aṣọ á gé, nítorí náà mo ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa òwú náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó di mọ́ra, ó kọ̀, kò fẹ́ jáde. Mo ń ṣépè fún ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá rẹ sì ń ṣe àmín. Nígbà tí mo tú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, mo rán nọ́ńbà tí ó yẹ oníkálukú sí i.

Káfíńtà fi táyà kẹ̀kẹ́ sí ìdí àga pálọ̀ wa. A fi ìrọ̀rí há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a wọ méje rẹ̀ fún un, Kóòṣì sì tì í dé etí ìlà, ní apá ọ̀tún, níbi tó ti máa ń sáré. Èrò pọ̀, àwọn kan gun orí òrùlé ilé ìwé. Ẹni mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ wa fi gbá a. Wọ́n fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kejì, ọkùnrin gìrìwò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àtikékeré ni òun àti àbúrò rẹ ti ń lé ara wọn. Òun ló yẹ kó ṣọ́ ọ. Ọkùnrin náà dúró sí ibi òfìfo yẹn, kò kúrò. Kóòṣì rẹ̀ ń pariwo pé kó lọ ran àwọn yòókù lọ́wọ́, ó ṣe bí ẹni pé etí òun di. Nígbà tí wọ́n sinmi, wọ́n bi í léèrè. Ó ní òun ò fọkàn tán Ọ̀kẹ́rẹ́, pé bí òun bá yẹsẹ̀, ó lè sá kọjá òun.

Lẹ́yìn ìsinmi, ẹnìkan nínú àwọn ọmọ wa gbàgbé, ó gbá bọ́ọ̀lù sí apá ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà yí kọjá ìlà, ó wá fara ti bàtà àbúrò rẹ, ó dúró. Kò mọ̀ pé ó kan òun, ojú ló fi rí i. Rẹfirí kò mọ èwo ni kó ṣe. Ọkùnrin gìrìwò yẹn wá, ó dúró níwájú rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó, ó ní, "Ẹsẹ̀ tèmi ló kàn kẹ́yìn. Tiyín ni, jù ú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, gbogbo pápá sì gbà á. Èmi àti ìyá rẹ kò lè gbé orin. Wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó bínú. Owó tó wọlé á gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, oṣù kẹjọ ni wọ́n ní kó wá.

O ṣeun fún jẹ́sì. Ọpẹ́ tó pẹ́ kò burú.

Bàbá yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú orí ire. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sì gun bọ́ọ̀sì náà kọjá ibi tí mo ń lọ. Mo kà á fún obìnrin tí a jọ ń gbé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, nígbà tí mo dé ibi "tiyín ni, jù ú" ó ní kí n tún un kà.

Mo ti ń ṣètò àti wálé ní ìparí ọdún. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ wọn ìbàdí rẹ̀ àti gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ rán ṣòkòtò tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí Màámi á lè wọ̀ fún un láìgbé e sókè. Ẹ sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́ pé etí rẹ̀ tí mo fẹ́ gbá ṣì ń dúró dè mí.

Àwọn méje tí ẹ tú dà? Ṣé ẹ ti jù wọ́n nù?

Ọmọ yín tínú rẹ̀ dùn.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín ju ohun tí ojú rẹ mọ̀ lọ, má rò pé mo ṣì í wọ̀n.

Aránṣọ kì í ju aṣọ nù. Mo ká nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà síra, mo fi òwú dì wọ́n, wọ́n wà nínú àpótí ẹ̀rọ mi. Bóyá lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ á gbá bọ́ọ̀lù, nǹkan á wà tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

O ní kí n má fi nǹkan pamọ́ fún ọ mọ́. Ikọ́ kan ń dà á láàmú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Dókítà ti fún un lóògùn. Ó ṣì ń dá àpárá, ó ní àyà òun ló kù tó ń sáré nínú ara òun.

Bàbá yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú àìsinmi. Oṣù kẹjọ ti ń lọ sópin, mi ò gbọ́ ohùn ẹnìkan. Mo ti fi ṣòkòtò náà ránṣẹ́, méjì ni, aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ dúdú. Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà? Ṣé ó ti jókòó? Ikọ́ náà ńkọ́?

Mo kọ̀wé sí Akọ̀wé, òun náà kò dáhùn, ẹni tó máa ń kọ̀wé nítorí bàtà. Ẹ rántí ohun tí mo bẹ̀ yín fún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ. Má tíì kà á lọ. Pe obìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá, kó wá jókòó tì ọ́, kó di ọwọ́ rẹ mú. Èmi yóò dúró.

Àbúrò rẹ ti lọ. Ikọ́ náà ló sọ̀ kalẹ̀ sí àyà rẹ̀, kò sì ní agbára tí yóò fi hú u jáde. A gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, a tiẹ̀ dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ọlọ́jọ́ ló dé. Ìyá rẹ ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Àbúrò rẹ ní kí wọ́n má sọ fún ọ pé òun bẹ̀rù, nígbà tó yá, ó ní kí n sọ fún ọ. Mo ti wá sọ fún ọ.

Akọ̀wé fẹ́ dá ọ lóhùn, èmi ni mo ní kó má dá ọ lóhùn, pé ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí n tó lè mú gègé. Mo bẹ̀rẹ̀ èyí tí màá fi purọ́ fún ọ. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, pé ó ti jókòó, pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Mo kà á fún ìyá rẹ. Ìyá rẹ ní, "Ògiri mìíràn nìyẹn?" Mo fà á ya.

Ọmọ ló yẹ kó sin bàbá. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí èmi àti ìyá rẹ jókòó sílé, pé ojú wa kò gbọdọ̀ rí ibojì ọmọ wa. Kí wọ́n tó gbé e jáde, Kóòṣì wá bá mi nílé. Ó kó jẹ́sì mẹ́wàá lọ́wọ́, ó nà wọ́n sí mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú nọ́ńbà tí mo rán sí wọn, mo ṣí àpótí ẹ̀rọ mi, mo sì yọ àwọn méje rẹ.

N kò lo ẹ̀rọ. Ojú ihò abẹ́rẹ́ rẹ ṣì wà lára àwọn aṣọ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí o ṣe gún un. Ibẹ̀ náà ni mo gbà. Mo fi abẹ́rẹ́ tèmi tẹ̀ lé tìrẹ títí mo fi rán mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, n kò sì gún ihò tuntun kankan. Ìkọkànlá wà lọ́rùn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìwọ ló rán an, èmi kò fọwọ́ kàn án.

Ọkùnrin gìrìwò yẹn wà lára àwọn tó gbé e. Ìyá rẹ ní kí o jẹun. Mo ti kọ ọ́, mo sì ti kà á sókè fún un.

Èmi ni, bàbá yín.